Ẹ Má Gé Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá

Àwọn kan gbà pé èèyàn ló ń jókòó lé àga. Irú wọn kò tíì rí Olùdarí Àgbà Ilé-iṣẹ́ Omi. Ní tiẹ̀, àga ló jókòó lé èèyàn, ó sì ti jókòó lé e pẹ́ débi pé ọrùn ọkùnrin náà kò yí mọ́. Bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀gbẹ́, odidi ara ló fi ń dáhùn, bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà.

Kí àga náà lè yẹ ẹ́, wọ́n ṣe pèpéle sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àga ga tán, ẹsẹ̀ ọ̀gá kò kan ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá kan àpótí kékeré kan sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àpótí gbé ẹsẹ̀ sókè tán, orúnkún ń gbá tábìlì, wọ́n bá gbé tábìlì náà lé bíríkì. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé á rò pé ẹni tó fẹ́ kun àjà ilé ló wà lókè yẹn, á sì máa wá ibi tó gbé ọ̀dà sí.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní Olùdarí lásán. Ó ti fún ara rẹ̀ lórúkọ: Orísun Tí Kì Í Gbẹ. Àwọn ará ìlú náà fún un ní tiwọn, wọn kò sì gba owó iṣẹ́. Òjò-Ṣú-Kò-Rọ̀ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é, ọrùn tí kì í yí kò sì jẹ́ kó mọ ẹni tó pe òun.

Láràárọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti wọ ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ láti ilé ọmọ, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, á sì ké pé, "Orísun ti dé."

Gbogbo wọn á dáhùn pé, "Ẹ ṣàn sí wa."

Lẹ́yìn náà, kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Wọ́n ń fi korobá pọnmi láti inú kànga ẹ̀yìnkùlé wá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Omi kò ní omi. A kò sọ ìyẹn láti fi bú ẹnikẹ́ni. A kàn sọ ọ́ kí òǹkàwé lè mọ ìdí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fi ń yọ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀gá kò mọ̀ pé ìlú ń pòùngbẹ. Ó mọ̀. Ó ti gbé Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Òùngbẹ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà jókòó, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó pọ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń ráhùn jù. Lórí èyí ni ọ̀gá fi pàṣẹ pé kí wọ́n kun gbogbo ẹ̀rọ omi ìlú ní àwọ̀ búlúù, nítorí pé ojú ló kọ́kọ́ ń mu omi kí ọ̀fun tó mu ún. Ó tún pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ sọ pé "kò sí omi" mọ́. "Omi ń bọ̀ lọ́nà" ni kí wọ́n máa wí. Láti ọjọ́ náà, omi kò kúrò lọ́nà.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni oríkì Orísun yẹn kò ti ẹnu rẹ̀ jáde rí. Bí ọ̀gá bá ń so táì lọ́wọ́, á béèrè láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé tánkà á wá lónìí? Abọ́ àná ṣì wà nílẹ̀." Tánkà ilé-iṣẹ́ ló ń gbé omi wá sílé Orísun.

Ìgbà tí nǹkan wà báyìí ni Mínísítà fún Omi fi ipò sílẹ̀, wọ́n ní etí ń dùn ún. Àga rẹ̀ ṣófo. Ọ̀gá kò sùn dáadáa mọ́. Bó bá di ojú, àga náà ló ń rí, ó ga ju tiẹ̀ lọ, kò sì nílò bíríkì.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Olórí Ìjọba kì í ka ìròyìn, kì í sì í gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Ètò kan ṣoṣo ló ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀: "Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nílẹ̀." Ètò ìwádìí ni. Àwọn ló tú àṣírí afárá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, àwọn náà ló wá ilé-ìwé kan lọ tó jẹ́ pé orí ìwé nìkan ni wọ́n kọ́ ọ sí. Obìnrin tó ń darí ètò náà, Kílódé ni wọ́n ń pè é, nítorí pé gbogbo ìbéèrè rẹ̀, "kí ló dé" ló ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláṣẹ máa ń sá fún un bí ewúrẹ́ ṣe ń sá fún òjò. Mínísítà kan tilẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde, ó gbàgbé pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lòun wà.

Kílódé pe ọ̀gá lórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ìdí tí omi kò fi dé òpópónà orí òkè láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. "Wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù nípa mi."

"Ta ni wọn ì bá tún ṣe é nípa rẹ̀, Orísun?" ni Igbákejì wí.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń bó iṣu. "Nípa omi kọ́?"

"Kí ni ìyàtọ̀?"

"Omi wúlò." Ó ń bó iṣu lọ. "Àwọn yòókù ń sá fún obìnrin yẹn. Kí ni ẹ̀yin rí tí wọn ò rí?"

"Àwọn yòókù ní nǹkan tí wọ́n ń fi pa mọ́," ni ọ̀gá wí. Bí ẹ bá wo ojú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó gba ohun tó sọ gbọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù lára àwọn oníròyìn: ọ̀bẹ wọn. Ní ọdún tó kọjá, ó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìfọwọ́ àwọn ọmọdé. Ó sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí tí gbohùngbohùn fi há. Nígbà tí ìròyìn dé, gbogbo ohun tí wọ́n gbé jáde nínú rẹ̀ kò ju ibi tó ti sín, tó sì fi táì nu ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó ti búra látìgbà náà pé ẹnikẹ́ni kò ní gé òun mọ́ láyé.

Ni Kílódé bá dé sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ayàwòrán rẹ̀, ọkùnrin gìrìwò kan tí kì í sọ̀rọ̀. Olójú-Kan ni wọ́n ń pè é, nítorí pé láti ìgbà tó ti ń fi ojú kan wo inú kámẹ́rà, ó ti gbàgbé láti la èkejì. Kílódé fi gbohùngbohùn kékeré há ọ̀gá láyà. Ọ̀gá rò pé àmì ẹ̀yẹ ni. Ó béèrè bóyá wọ́n ní èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀.

"Kí kámẹ́rà yín tó la ojú," ló wí, "mo ní òfin kan."

"Ẹ jẹ́ kó là á, sà, kí òfin náà lè wọlé."

Kámẹ́rà la ojú. Ọ̀gá gbé àyà sókè.

"Èmi, Orísun Tí Kì Í Gbẹ, mo pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ọ̀rọ̀ mi. Láti ìgbà tí kámẹ́rà yìí bá ti la ojú títí dìgbà tó bá pa á dé, ohunkóhun tó bá ti ẹnu mi jáde, omi ni. Wọn kì í fi ọ̀bẹ gé omi."

"Gbogbo ẹ̀, sà?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Títí kan ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sinmi?"

"Ọmọ mi, èmi kì í sinmi."

"Kò sinmi rí," ni Igbákejì wí, ó sì pàtẹ́wọ́.

Kílódé wo ilẹ̀, ó tún wo òkè níbi tí ọ̀gá wà. "Sà, mo fẹ́ kó yé yín dáadáa. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀ wá pé ká gé e ni. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá rí pé ká má gé e."

"Èèyàn lásán ni wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ kan péré bá dín níbẹ̀, màá ti páìpù omi ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín pa."

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti wà ní títì, sà."

"Ṣé o rí agbára mi báyìí?"

"Mo rí i, sà. A ò ní gé e." Olójú-Kan mi orí. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn.

Ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Kílódé ní, "Kí ló dé tí omi ò fi dé òpópónà orí òkè?"

"Ìbéèrè tó dáa," ni ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ni òkè?"

Ó sì dáhùn rẹ̀. Oòrùn tó wà lára ògiri nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti rin dé àjà kó tó kúrò lórí kí ni òkè. Ó wọ inú kí ni ìsàlẹ̀. Igbákejì ń mi orí títí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara rẹ̀. Ní kúkúrú, bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ní kúkúrú, ohun tí ọ̀gá sọ ni pé onírẹ̀lẹ̀ ni omi. Kì í gun òkè. Ìgbéraga ló gbé àwọn èèyàn yẹn lọ kọ́lé sókè. Ẹni tó bá fẹ́ omi, kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí àpótí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Síbẹ̀," ló wí, nítorí pé ó rántí àga mínísítà, "èmi ti ṣàánú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ṣí ẹ̀rọ omi tuntun ní òpópónà orí òkè. Ẹ gbé kámẹ́rà yín wá."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Igbákejì.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó súnmọ́ pèpéle. "Orísun, ẹ̀rọ omi wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé."

"Kò sí páìpù tó gun òkè yẹn, Orísun."

"Tánkà mélòó la ní?"

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun kan nípa òpópónà náà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá obìnrin ń gbé níbẹ̀. Ó ju ẹ̀gbọ́n lọ, nítorí pé ìyá wọn tètè kú. Alágbàfọ̀ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọ̀n ọ́n, ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ ló fi rán an níwèé. Aṣọ funfun tí ọ̀gá wọ̀ lọ gba iṣẹ́ ní Ilé-iṣẹ́ Omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ló fọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí pèpéle ti ga, ọ̀gá kò tíì gun òkè lọ kí i. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ọrùn rẹ̀ ni kò yí sápá ibẹ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti ri òpó ẹ̀rọ omi kan mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ilé-ìwé orí òkè, wọ́n kùn ún ní búlúù, wọ́n so rìbọ́nnì mọ́ ọn. Tánkà wà lẹ́yìn ògiri ilé-ìwé, wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀ fa ọ̀pá rọ́bà láti ibẹ̀ wá sínú òpó. Àdéhùn wọn ni pé bí ọ̀gá bá wúkọ́, kí awakọ̀ ṣí tánkà. Bí ọ̀gá bá sì yí ẹ̀rọ, omi á dà, ìlú á yọ̀, Olórí Ìjọba á rí i. Àwọn ará òpópónà ti dúró pẹ̀lú korobá, agbada àti ìkòkò, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kó lọ sílé tuntun.

Ọ̀gá bọ́ sí iwájú kámẹ́rà pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ láyà. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ló bẹ̀rẹ̀. Eruku wọ̀ ọ́ lọ́fun, ó wúkọ́. Omi tú jáde kó tó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó sì lọ tààrà sínú bàtà rẹ̀.

"Ìyẹn ò sí nínú rẹ̀," ló wí fún Olójú-Kan. "Ẹ tún un yà."

Ibí yìí ni kí ẹ ti fojú sí i. Ọ̀gá gbà pé bí òun bá ti sọ pé "ìyẹn ò sí nínú rẹ̀," ohun tó ṣẹlẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn, bí ẹfun lára pátákó. Bó ṣe máa ń rí ní ọ́fíìsì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti ṣẹlẹ̀ ní Ilé-iṣẹ́ Omi tí kò sí nínú rẹ̀. Òfin tó ṣe, ọ̀rọ̀ tó bá gbé àyà sókè sọ ló fi ṣe é. Ohun tó bá sọ nígbà tí àyà wà nílẹ̀, kò kà á kún ọ̀rọ̀.

Wọ́n tún un yà. Afẹ́fẹ́ gbé táì bò ó lójú. Ìyẹn ò sí nínú rẹ̀. Wọ́n tún un yà. Ó gbàgbé láti wúkọ́, ó yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ṣe bí àgbàlagbà tó jẹ ẹ̀wà sùn.

"Awakọ̀," ni ọ̀gá ké sápá ògiri, "ṣé o sùn ni? Ṣí tánkà, jàre."

"Ẹ ò wúkọ́, sà," ni ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ìyẹn náà ò sí nínú rẹ̀," ni ọ̀gá wí fún kámẹ́rà.

Kámẹ́rà kò pa ojú dé.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí obìnrin àgbàlagbà kan gba abẹ́ rìbọ́nnì wọlé. Ó ru agbada ńlá, ó ká ọwọ́ aṣọ dé ìgúnpá. Igbákejì na ọwọ́ dí i lọ́nà. "Ìyá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Ìjọba yẹn, mo ti fọ ìtẹ́dìí rẹ̀ rí," ni obìnrin náà wí, ó sì kọjá. Ó dúró síwájú ọ̀gá. "Àbúrò mi."

Ọ̀gá yí odidi ara. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ti ga."

"Bàtà ni, mà."

"Wọ́n ní o mú omi wá fún wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọba tó láàánú..."

"Dúró ná." Ó sọ agbada kalẹ̀, ó fi ọwọ́ di ìbàdí. "Ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti ń pọnmi, orúnkún mi ti ń ké bí ilẹ̀kùn. Ilé ìwòsàn fẹ́ gbé ìfọṣọ wọn fún mi, gbogbo aṣọ ibùsùn wọn. Òní ni wọ́n ń retí èsì. Bí mo bá gbà á tí omi ò sí, mo tẹ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní gbé aṣọ fún mi mọ́. Omi yìí, ṣé á wà lọ́la? Má fi ẹnu ọ̀gá dá mi lóhùn. Fi ẹnu àbúrò dá mi lóhùn."

Ọ̀gá wo ọwọ́ rẹ̀. Ọṣẹ ti jẹ ọwọ́ náà funfun láti ìka dé ọrùn ọwọ́, bó ṣe wà látijọ́. Ẹnu ọ̀gá wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí. Ẹnu kejì, èyí tí kò lò láti ọjọ́ tó ti gun pèpéle, ló là.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ má gba iṣẹ́ náà. Tánkà ló wà lẹ́yìn ògiri. Bí wọ́n bá ti ká kámẹ́rà, omi á bá a lọ. Ẹ yára pọn èyí tẹ́ ẹ bá rí."

"O ṣeun," ni obìnrin náà wí. Ó gbé agbada rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀gá gbé àyà sókè padà. "Ìyẹn ò sí nínú rẹ̀. Ẹ tún un yà."

Wọ́n tún un yà. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ gún régé: ó wúkọ́, ó yí ẹ̀rọ, omi dà, ìlú hó. Nígbà tí Olójú-Kan ká ẹrù rẹ̀ tán, tánkà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó àga kún gbọ̀ngàn Ilé-iṣẹ́ Omi. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá sí iwájú. Gbogbo ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé fóònù ọ̀gá sórí ìrọ̀rí kan níwájú rẹ̀, kí ìpè Olórí Ìjọba má baà bá a lórí ohun líle. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mú aṣọ tó ń hun dání.

Ètò bẹ̀rẹ̀. Òfin ọ̀gá ló kọ́kọ́ jáde: wọn kì í fi ọ̀bẹ gé omi. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Kí ni òkè tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ ni, wọn kò yọ èémí kan. Wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi ọwọ́ kan pa á, wọ́n ń fi èkejì bo ẹnu tó ń yán.

Ni omi bá wọ bàtà ọ̀gá lórí tẹlifíṣọ̀n. "Ìyẹn ò sí nínú rẹ̀," ni ọ̀gá orí tẹlifíṣọ̀n wí. Ó sì wà nínú rẹ̀.

Òde ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ dé. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, láti ilé dé ilé, bí òjò tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Nínú gbọ̀ngàn, imú ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ohùn awakọ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri, akọ̀wé owó gbàgbé ara rẹ̀, ó fi ẹnu rín in. Igbákejì ń wúkọ́, kò sì sí tánkà kankan tó ṣí.

Ọ̀gá gbé fóònù kúrò lórí ìrọ̀rí, ó pe Kílódé. "Gé e."

"Sà, ẹ ní wọn kì í gé omi."

"Mo ní kó o gé e."

"Ṣé ká fi èyí tẹ́ ẹ ń sọ yìí náà sí i, sà?"

Ọ̀gá gbé fóònù padà sórí ìrọ̀rí, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, obìnrin kan sọ agbada kalẹ̀. Má fi ẹnu ọ̀gá dá mi lóhùn. Àmì ẹ̀yẹ tó wà láyà ọ̀gá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, gbogbo wúyẹ́wúyẹ́ náà jáde ketekete. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró lóde. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ láti ọjọ́ tó ti wà lórí àga, èyí nìkan ni ẹni tó gbọ́ ọ gbà gbọ́. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Wọn kò sọ pé ibi tó ti kọ orin tó dára jù ni yóò kú sí.

Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ aṣọ híhun dúró. "Ìyẹn dáa," ló wí. "Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti mọ̀ yín."

Fóònù dún lórí ìrọ̀rí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde.

"Ṣé ìwọ ni Orísun?" ni Olórí Ìjọba béèrè.

"Èmi ni, sà."

"O ti gbẹ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọ̀gá àná wá kó ẹrù rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rò pé òun ni wọ́n dúró dè. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ tí wọ́n ní, "Ẹ ṣàn sí wa." Igbákejì ń bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti nà gbọnrangandan. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé egungun wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Igbákejì wí láti orí pèpéle, "àpótí ìtìsẹ̀ yìí, tiyín ni. Ẹsẹ̀ tèmi gùn, ó kan ilẹ̀. Ẹ lè máa mú un lọ."

Ó mú un lọ. Tánkà kò wá sílé mọ́, ilé náà sì jẹ́ ti ìjọba. Ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù. "Ibo là ń lọ?" ni ọ̀gá àná béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ibi tí wọ́n ti máa gbà wá. Ẹ̀gbọ́n yín ti ránṣẹ́."

Orí òkè ni wọ́n lọ. Alágbàfọ̀ gba àpótí náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ okùn aṣọ, ó gun orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tó ibi tí kò tó rí. Ó nawọ́ korobá sí i. "Ìsàlẹ̀ òkè," ló wí, "ṣé o ṣì mọ ọ̀nà?"

Bí Orísun ṣe di ẹni tó ń pọnmi nìyẹn. Àwọn ará òpópónà kò bú u. Wọ́n kàn máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún un, wọ́n á ní, "Ẹ ṣàn sí wa, sà," òun náà á sì ní "ẹ kú iṣẹ́." Ohun kan tí ó yani lẹ́nu ṣẹlẹ̀: korobá tú ọrùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Ó rí àwọn tó ń kí i.

Ìlú ṣì ń ké lórí fíìmù náà, Olórí Ìjọba sì pàṣẹ pé kí omi gidi dé orí òkè. Ọ̀gá tuntun, Igbákejì àtijọ́ tó ti di Odò Tí Kì Í Yẹ̀, kéde ọjọ́ tí yóò ṣí i. Ilé ìwòsàn tún ránṣẹ́ sí alágbàfọ̀ pé àwọn ń retí èsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, àti pé bí kò bá gbà á lọ́tẹ̀ yìí, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn.

Kílódé dé, Olójú-Kan dé. Odò Tí Kì Í Yẹ̀ ti kọ́gbọ́n lára ẹni tó ṣáájú rẹ̀: kò gba gbohùngbohùn láyà, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí ẹ̀rọ. Omi tú jáde, ó mọ́, ó lágbára. Àwọn èèyàn hó.

Alágbàfọ̀ kò hó. Ó wo àbúrò rẹ̀. "Lọ wò ó."

Ọkùnrin náà gba ẹ̀yìn ògiri ilé-ìwé lọ. Kò sí tánkà. Ó dúró síbẹ̀, ayọ̀ fẹ́ mú un, ó ti ṣí ẹnu láti ké pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jí ẹran rí mọ ohùn ẹran nínú àpò. Ó wo ilẹ̀. Ó rí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sì tún dí i padà, erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì pupa. Ó tẹ̀ lé e, ó kọjá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó kọjá ilé ẹni tó ń ṣe bàtà, ó wọ ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Tánkà wà níbẹ̀. Awakọ̀ ti àtijọ́ ló jókòó tì í.

"Sà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni awakọ̀ wí, ó sì dìde fún un. "Wọ́n ní àṣìṣe tiyín ni pé ẹ gbé e súnmọ́ jù."

Ó padà wá sídìí ẹ̀rọ. Ó tẹ etí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ má tíì dá ilé ìwòsàn lóhùn. Ẹ yára pọn ọ́n."

Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú kan tí kò dùn, ó sì ti agbada sábẹ́ omi.

Ọkùnrin náà lọ fọwọ́ kan Olójú-Kan léjìká. "Ẹ gbé kámẹ́rà yín, ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀."

Olójú-Kan wo Kílódé. Kílódé mi orí pé kí wọ́n lọ. Odò Tí Kì Í Yẹ̀ rí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ, ẹ̀rín músẹ́ náà kò kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ padà.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, kámẹ́rà la ojú. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ tún kọ́là rẹ̀ ṣe, nítorí pé ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Ó fẹ́ gbé àyà sókè. Ó rántí. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ má wò mí," ló wí. "Ohun tó wà lẹ́yìn mi ni kẹ́ ẹ wò."

Kámẹ́rà kúrò lójú rẹ̀, ó wo tánkà.

"Ẹ sì má gé e."